Hilux 1984 tí bàbá wa fi ń kó kókó: mo fẹ́ jí i dìde lẹ́yìnkùlé, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

ỌmọOlókoKókó (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, òní ni mo kọ́kọ́ máa la ẹnu, tó bá gùn ẹ má bínú. Hilux kan wà lẹ́yìnkùlé wa, four-wheel, 1984, ẹ́ńjìnnì 22R oní-kábúrétọ̀, leaf spring ló wà níwájú, leaf spring ló wà lẹ́yìn. Bàbá wa ló ni ín. Òun ni wọ́n fi ń kó kókó bọ̀ láti oko Ìdànrè, ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko yẹn lásìkò òjò á mọ̀ pé mọ́tò tí ò bá ní four-wheel, ibẹ̀ ló máa sùn. Àtìgbà tí bàbá ti lọ ni ò ti rìn mọ́, ọdún mẹ́sàn-án rèé lábẹ́ igi máńgòrò. Ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ ẹ̀, eku ti bímọ nínú dáṣíbọọ̀dù, ẹ́ńjìnnì ò yí rárá, ọ̀pá four-wheel ò ṣeé fà, bọ́dì ẹ̀yìn sì ti jẹ ihò débi pé tí mo bá dúró nínú ẹ̀ mò ń rí adìẹ tó ń kọjá nísàlẹ̀.

Mẹkáníìkì àdúgbò wá wò ó, ó ní kí n ju ẹ́ńjìnnì yẹn nù, ká gbé ti Camry sí i. Panẹ́bítà ní kóun kọ́kọ́ kùn ún, pé tó bá ti ń dán, ọkàn mi á balẹ̀ láti náwó sórí ìyókù. Èmi fúnra mi fẹ́ gbé e sókè díẹ̀ kí n fi táyà ńlá sí i. Owó ò pọ̀, iṣẹ́ tíṣà ni mò ń ṣe, àmọ́ mo ní Sátidé, mo ní jáàkì kan, mo dẹ̀ ní sùúrù. Kí ni kí n kọ́kọ́ fọwọ́ kàn?

Kẹ̀kẹ́Mẹ́rin (Òṣogbo)

Ewúrẹ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lé 😂

Ó dáa, mo ti ṣeré tán. Ẹ tú tánkì epo sílẹ̀. Epo ọdún mẹ́sàn-án ti di oje igi, ẹ má jẹ́ kó dé kábúrétọ̀ torí á dí gbogbo ihò kéékèèké inú ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ fẹ́ dán an wò, gálọ́ọ̀nù kékeré pẹ̀lú epo tuntun ni kẹ́ ẹ fi fún pump lọ́mu, pump ẹ̀ kì í ṣe ti iná, ara orí ẹ́ńjìnnì níwájú ló wà, òun fúnra ẹ̀ á fà á.

BàbáṢáàsí (Ìbàdàn)

Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́, Ọlọ́run á dẹlẹ̀ fún bàbá. Ẹ gbọ́ mi o, ẹ má jẹ́ kí panẹ́bítà yẹn fọwọ́ kan mọ́tò náà báyìí. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, mọ́tò àtijọ́ tí mo bá rí tí wọ́n kọ́kọ́ kùn, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ló máa ń parí ẹ̀ sí. Torí ẹ ò tíì mọ ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí wẹ́dà bá wá tan iná sábẹ́ ẹ̀ lẹ́yìn oṣù méjì, ọ̀dà olówó iyebíye yẹn ló máa kọ́kọ́ hó bí ọ̀rá inú ọbẹ̀.

Ṣáàsí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ti Hilux yìí dà bí àpótí gígùn ni, irin onígun mẹ́rin tínú ẹ̀ ṣófo. Ẹrẹ̀ oko máa ń gba àwọn ihò kéékèèké ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ wọlé, kì í rọ́nà jáde, á jókòó síbẹ̀ máa mu omi, á máa jẹ irin látinú wá. Ẹ lè wo ìta kó mọ́ lójú yín, kínú ti di èlùbọ́. Ẹ fi omi oní-présọ̀ fọ inú ẹ̀ jáde ná, ẹ ó rí ẹrẹ̀ Ìdànrè tí bàbá yín kó wálé. Tó bá gbẹ, ẹ mú hámà kékeré, ẹ dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀, ẹ máa kàn án láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ibi tó bá ń dún "kán, kán", irin wà níbẹ̀. Ibi tó bá dún "pọ̀" bí ìgbà téèyàn lu páálí, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i, ẹ fi screwdriver gún un, tó bá wọlé, ó wọlé náà nìyẹn. Ibi tí ṣáàsí ti tẹ̀ gòkè lórí áàsù ẹ̀yìn àti ibi tí leaf spring so mọ́ ọn, ibẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ lọ, ẹ má kánjú kọjá níbẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá máa lẹ̀ ẹ́, kí wẹ́dà kọ́kọ́ gé gbogbo irin tó ti jẹrà kúrò, kó má kàn fi tuntun bo ògbólógbòó. Kírin tuntun náà nípọn tó ti ṣáàsí. Ìkan tí ọ̀pọ̀ wẹ́dà ò mọ̀ rèé: tó bá jó ojú kan ní òòró gbọọrọ látòkè délẹ̀, ojú ibẹ̀ gan-an ni ṣáàsí á ti kán lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá kó ẹrù. Kó gé orí irin náà ṣóńṣó bí ojú ọfà, kí ibi tó jó dà gẹ̀rẹ̀. Kó tó tan iná, ẹ tú orí bátìrì, ẹ dẹ̀ gbé tánkì epo kúrò lábẹ́ mọ́tò pátápátá. Tánkì tí epo ti tán nínú ẹ̀ gan-an ló burú jù, torí èéfín ẹ̀ ló kù níbẹ̀.

Jáàkì kan yẹn nkọ́? Kò tó. Ẹ má fi búlọ́ọ̀kù gbé mọ́tò. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀, kì í tẹ̀, á kàn fọ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ọmọ iṣẹ́ kan ní ṣọ́ọ̀bù tó fẹ̀gbẹ́ kan tiwa fi ìka mẹ́ta mọ ìyẹn. Ẹ ra stand onírin méjì tàbí kẹ́ ẹ to pákó nípọnnípọn lé ara wọn ní ìbú àti òòró.

ÌyáOlóko (Ṣakí)

Bàbá, ẹ ṣé, ẹ ti sọ èyí tó wà lọ́kàn mi. Èmi kì í ṣe mẹkáníìkì o, oko kású ni mo ní, àmọ́ Hilux irú ẹ̀ ló gbé mi dé ibi tí mo dé, èmi ni mo dẹ̀ ń tú u.

Àbúrò, ẹ́ńjìnnì tí ò yí, oorun ló ń sùn nígbà míì, kò kú. Ẹ má fi kick starter fipá yí i, ẹ ó kàn ṣẹ́ ring tó yí písítìnì ká tàbí kẹ́ ẹ fọ́ eyín flywheel ni. Ẹ tú plug mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ po dísù pọ̀ mọ́ hydraulic pupa tí wọ́n ń lò fún jíà ọtọmátíìkì, ìdajì sí ìdajì, ẹ rọ nǹkan bí ìdérí ìgò omi méjì sínú ihò kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá gbàgbé ẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú ọwọ́ gígùn mú bóòtù tó wà lójú pulley ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ máa mì í lọ mì í bọ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń tu eyín ọmọdé. Tèmi gbà lọ́jọ́ kẹfà, ó ṣe "kéú" bí ilẹ̀kùn ilé àtijọ́, ni mo bá jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ mo ń rẹ́rìn-ín lémi nìkan. Tẹ́ ẹ bá wá ń yí i kí epo inú ẹ̀ tú jáde, ẹ gbójú kúrò lójú ihò plug. Aṣọ funfun ni mo wọ̀ lọ́jọ́ tèmi, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìgbà tó bá ti yí fàlàlà, kẹ́ ẹ tó pinnu bóyá ẹ máa jù ú nù, ẹ yá compression gauge, mítà tó ń wọn bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó. Ohun tíwèé sọ fún 22R tó ṣì le ni 171 psi, tó bá ti já wálẹ̀ dé 142, ẹ múra láti ṣí i, kí ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọ̀kan sí èkejì má dẹ̀ ju 14 lọ. Èyí tó bá kéré nínú wọn, ẹ rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sínú ẹ̀ kẹ́ ẹ tún wọ̀n ọ́n. Tó bá gòkè, ring ló ti jẹ. Tí ò bá yí padà, ẹ lọ wo fáàfù.

Ti Camry yẹn, mi ò fẹ́ bú èèyàn, ṣùgbọ́n ìbú lẹ́ńjìnnì Camry dùbúlẹ̀ sí, ti Hilux dúró ní òòró, táyà iwájú ni Camry ń yí. Jíà ẹ̀ ò mọ four-wheel yín rí. Ẹni tó bá gbé e sí i, á gé four-wheel dànù ni, ẹ wá di onípickup lásán.

ÒgìNínúỌ́ìlì (Ìlọrin)

Orúkọ mi yìí, 22R ló fún mi, ẹ jẹ́ n ròyìn kó má baà ṣe tíṣà.

Mo ra tèmi, ó ń rìn dáadáa, àmọ́ omi ń dínkù nínú radiétọ̀. Ọjọ́ kan mo fa dipstick yọ, ọ́ìlì ti funfun, ó ki, ògì gidi. Mẹkáníìkì ní top gasket ni, ohun pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara ẹ̀ kó má baà jò. A ṣí i, a pààrọ̀ ẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ògì. A tún ṣí i, a gbé orí ẹ́ńjìnnì lọ fún wọn kí wọ́n fá ojú ẹ̀ kó tẹ́. Oṣù kan, ògì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, bàbá kan tó wá ra plug ní ṣọ́ọ̀bù ló ní ká pa á, ká jẹ́ kó tutù dàárọ̀ kóun wá gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọjọ́ kejì, bí mo ṣe yí kọ́kọ́rọ́, ó ṣe "ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀-ṣẹ̀kẹ̀" fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, bí ìgbà tẹ́nì kan mi òkúta nínú agolo, ó wá dákẹ́. Bàbá yẹn rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyẹn ni mo ti ń gbọ́ láti ọdún yìí tí mo rò pé mọ́tò ń kí mi.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé timing chain 22R, èyí tó ń mú kí fáàfù ṣí lásìkò, ń rìn láàárín ìtọ́sọ́nà méjì, ike ni wọ́n fi ṣe ojú wọn. Tí ike bá gbó á ṣẹ́, chain á tú, á máa na ara irin tó bò ó níwájú. Omi sì ń gba inú irin yẹn kọjá! Chain á wá máa rẹ́ ẹ bí ayùn títí á fi lu, omi á máa dà sínú ọ́ìlì. Top gasket ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Nítorí náà, tíṣà, tẹ́ ẹ bá ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ láàárọ̀, ẹ má dúró de ògì. Ẹ ra ìtọ́sọ́nà tí ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ irin, chain tuntun, ẹ dẹ̀ ṣí cover yẹn kẹ́ ẹ fi ìka wá ojú ibi tí chain ti ń rẹ́ ẹ. Ẹ lè rí ipa ẹ̀ níbẹ̀ bí ibi tí okùn ti jẹ ẹnu kànga.

Ìkan tún kù o, tó ti sọ orí ẹ́ńjìnnì ọ̀pọ̀ èèyàn di àlòkù. Tẹ́ ẹ bá tú gbogbo bóòtù orí ẹ́ńjìnnì tán tó ṣì ń lẹ̀, ẹ má fi irin kì í! Bóòtù kékeré kan wà níwájú pátápátá tó di orí náà mọ́ cover chain, inú kòtò kan tí ọ́ìlì máa ń dúró sí ló wà, ọ́ìlì ló bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ fi ìnura fa ọ́ìlì yẹn, ẹ ó rí i. Tẹ́ ẹ bá ń dè é padà, láti àárín ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ máa lọ sí etí, ẹ pín in sí ìgbà mẹ́ta títí torque wrench á fi dé 58 lb-ft. Fáàfù, 0.20 mm fún èyí tó ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, 0.30 mm fún èyí tó ń lé èéfín, kẹ́ńjìnnì gbóná kẹ́ ẹ tó wọ̀n ọ́n.

ỌmọOlókoKókó (Àkúrẹ́)

Ẹ wò ó, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti kàn án ní hámà. "Pọ̀" mẹ́rin ni mo rí, mẹ́ta lápá òsì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, gbogbo ẹ̀ lórí áàsù ẹ̀yìn bí Bàbá ṣe wí, ọ̀kan tóbi tó àtẹ́lẹwọ́ mi. Ẹrẹ̀ tó jáde nínú ẹ̀ kún bàsíà ìwẹ̀ kan àtààbọ̀, hóró kókó méjì wà nínú ẹ̀! Epo ìyá olóko ti wà nínú ihò plug láti ọjọ́ Ẹtì.

Ìbéèrè mi: níwájú, lẹ́yìn táyà ọ̀tún, nǹkan kan ń ṣàn sílẹ̀ tí kì í ṣe ọ́ìlì, tí kì í ṣe gírísì. Ọ̀pá four-wheel dẹ̀ ṣì le. Àti pé ṣé ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí gbígbé e sókè ni?

BàbáṢáàsí (Ìbàdàn)

Nǹkan yẹn, ọ́ìlì àti gírísì ni, wọ́n ti fẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn táyà iwájú ẹ ó rí irin rìbìtì kan bí bọ́ọ̀lù, inú ẹ̀ ni shaft ti ń ṣẹ́ kọ́nà tẹ́ ẹ bá yí ọwọ́. Gírísì ló yẹ kó wà níbẹ̀, kó le bí àmàlà tó jinná. Tó bá ti ń ṣàn bí ewédú, seal tó wà nínú orí áàsù ló ti gé, ọ́ìlì dífíránṣà ti wọlé wá bá gírísì. Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ kàn rọ gírísì sí i. Irọ́ ni, ẹ ó máa bọ́ ọ títí láé ni, dífíránṣà yín á sì gbẹ.

Ẹ máa tú u dé ìdí. Nọ́ọ̀tì tó wà nínú húbù, sọ́kẹ́ẹ̀tì 54 mm ló ń lò. Mo mọ̀ pé ṣísù àti hámà lọ̀pọ̀ nínú wa fi ń lù ú, èmi náà ti lù ú rí, àmọ́ èérún irin tó ń ṣẹ́ níbẹ̀ inú bíárìn ló ń lọ. Ẹ yá sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn. Tẹ́ ẹ bá ń tú knuckle, irin tó bo bọ́ọ̀lù yẹn tó ń bá táyà ṣẹ́ kọ́nà, ẹ máa rí irin tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ bí ewé lókè àti nísàlẹ̀, shim ni wọ́n ń pè é. Ẹ má dà wọ́n pọ̀! Ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, ọ̀tún lọ́tọ̀, òsì lọ́tọ̀, ẹ dì wọ́n sí nylon kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ẹ̀, torí àwọn ló ń mú kí shaft wà láàárín seal gẹ́lẹ́. Ẹ dà wọ́n rú, seal tuntun á jò ní oṣù méjì. Gírísì dúdú oní-moly ni kẹ́ ẹ fi sínú bọ́ọ̀lù, kì í ṣe èyí tó pupa tí wọ́n ń wọ̀n ní ṣíbí lójú títì.

Ọ̀pá yẹn, ẹ má lù ú. Ó ti gbẹ ní ìsopọ̀ ẹ̀ lórí transfer ni, àpótí jíà tó ń pín agbára síwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ fi epo tó ń tú ìpẹtà fún un lálẹ́, láàárọ̀, kí ẹnì kan máa ti mọ́tò síwá sẹ́yìn kẹ́ ẹ máa fà á jẹ́ẹ́. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ má fi H4, four-wheel tó wà fún eré, sáré lórí ọ̀nà ọ̀dà o, kí húbù iwájú wà lórí FREE. Mọ́tò yìí ò ní dífíránṣà láàárín, iwájú àti ẹ̀yìn so pọ̀ gírígírí. Tẹ́ ẹ bá ṣẹ́ kọ́nà, iwájú máa ń rìn jìnnà ju ẹ̀yìn lọ, lórí ẹrẹ̀ táyà á yọ̀ díẹ̀ ọ̀rọ̀ á tán, lórí ọ̀dà kò níbi tó máa yọ̀ sí, shaft ló máa fi orí fá a.

DéHouston (Houston)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ Ìjẹ̀bú Òde ni mí, ibí ni mo ti ń tún 22R tèmi ṣe. Toyota ta mọ́tò yìí ní Amẹ́ríkà dáadáa, torí náà ìtọ́sọ́nà chain onírin, seal knuckle, ṣì kún orí àtẹ níbí. Wọn ò wúwo. Ẹ wá ẹni tó ń di bárẹ́ẹ̀lì bọ̀ nílé kó fi há igun kan, ó sàn ju kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ àdàmọ̀dì lẹ́ẹ̀mẹta lọ. Àwọn irin ńlá, dífíránṣà, shaft, ẹ wá àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́ljíọ́ọ̀mù ní Ladípọ̀ l'Ékòó tàbí Gate n'Íbàdàn, kò sídìí tí irin tó wúwo báyẹn á fi gba orí omi.

Ti táyà. Tíṣà, kí ló wà lára táyà àtijọ́? Tó bá jẹ́ 225/75R15, gíga ẹ̀ fi díẹ̀ lé ní 28 inch. Ọ̀pọ̀ wa ń fi 31x10.50 sí i, ó máa ń wọlé tẹ́ ẹ bá gbé e sókè díẹ̀. Àmọ́ ẹ mọ̀ pé mọ́tò á wúwo láti gbéra, tí speedometer bá ń pe 100, ẹ ti ń sá bíi 109. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ jù bẹ́ẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ crown and pinion, jíà inú dífíránṣà. Kẹ́ ẹ tó ra èyíkéyìí ní ọjà, ẹ ka èyí tẹ́ ẹ ní: ẹ gbé ẹ̀yìn mọ́tò lé stand, ẹ ju jíà sí free, kẹ́ ẹ yí táyà ẹ̀yìn méjèèjì papọ̀ ní ìyípo kan géérégé, kí ọmọ kan máa ka iye ìgbà tí propeller, ọ̀pá gígùn tó wọ inú dífíránṣà, bá yí. Tó bá yí ju ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ díẹ̀, 4.10 ni. Tó bá kù díẹ̀ kó pé márùn-ún, 4.88 ni. Ti iwájú gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn mu. Mo rí ẹnì kan tó ra ẹ̀yìn nìkan, ọjọ́ tó fà á sí four-wheel ni transfer ẹ̀ fọhùn.

Bẹ́ ẹ bá dẹ̀ gbé e sókè, ẹ rántí fáàfù bíréèkì kan tó wà lókè áàsù ẹ̀yìn tó ní ọ̀pá gígùn. Òun ló ń wo bí ẹrù ṣe pọ̀ tó, tí ẹrù bá tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀ á jẹ́ kí bíréèkì ẹ̀yìn mú sí i. Tẹ́ ẹ bá gbé mọ́tò sókè láìtún ọ̀pá yẹn ṣe, á rò pé kò sẹ́rù títí ayé, bíréèkì ẹ̀yìn á máa ṣe ọ̀lẹ.

ÌyáOlóko (Ṣakí)

Houston, ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ fáàfù yẹn ò wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn èèyàn. Àmọ́ ẹ jẹ́ n takò yín díẹ̀. Kí ni tíṣà fẹ́ fi gíga ṣe? Tẹ́ ẹ bá gbé spring sókè, bọ́dì lẹ gbé, dífíránṣà ṣì wà nílẹ̀ níbi tó wà. Táyà nìkan ló ń gbé áàsù kúrò nílẹ̀. Ohun tó ń dá mọ́tò dúró sínú ẹrẹ̀ oko kì í ṣe bọ́dì, ikùn dífíránṣà tó ń gún àárín ọ̀nà ni. Kó fi táyà tó ga díẹ̀, tó ní eyín, sí i, kó jẹ́ kí spring wà bó ṣe wà. Tó bá dé ibi ẹrẹ̀, kó tú atẹ́gùn táyà sílẹ̀ díẹ̀, kó fà á sí L4, four-wheel tó ń rìn jẹ́ẹ́, ìyẹn ń sọ agbára jíà di ìlọ́po méjì ó lé, 2.28 gan-an, kó máa rìn bí ẹni tó lóyún. Mo ti kọjá lára àwọn jíípù gíga tó rì sí ọ̀nà oko mi. Mo juwọ́ sí wọn.

DéHouston (Houston)

😂 Ìyá, mo gbà. Ẹwà ni tèmi.

Rẹ́wáyàÀbá (Abẹ́òkúta)

Ẹ ń sọ̀rọ̀ irin, ẹnìkan ò sọ̀rọ̀ eku. Ẹ̀gbọ́n tíṣà, rẹ́wáyà tó bá ní kẹ́ ẹ jẹ́ kóun gé gbogbo wáyà kúrò kóun ṣe tuntun, ẹ sọ fún un pé ẹ ń bọ̀. Wáyà Toyota àtijọ́ nípọn, àwọ̀ ẹ̀ dẹ̀ bá ìwé mu, ibi téku jẹ nìkan lẹ máa tún ṣe. Ẹ jó o ní lẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ fi rọ́bà tó ń sún bò ó, ẹ má kàn lọ́ ọ kẹ́ ẹ fi téèpù dudu wé e.

Wáyà kúkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí bátìrì, ó jọ wáyà lásán, fíùsì ni. Tó bá jó, ẹ ra irú ẹ̀. Ẹni tó bá fi wáyà nípọn rọ́pò ẹ̀, ààrò tó ń retí iná ló sọ mọ́tò yín dà. Ẹ fọ gbogbo ojú earth, ibi tí iná ti ń gba ara irin padà sí bátìrì, láti bátìrì sí ẹ́ńjìnnì, láti ẹ́ńjìnnì sí bọ́dì, títí irin á fi hàn. Ìdajì iṣẹ́ tí wọ́n ń gbé wá fún mi, earth ni, mi ò kì í sọ fún wọn kí n tó gbowó.

Tí iná iwájú bá pọ́n bí àtùpà, ẹ fi mítà wọn bátìrì, kẹ́ ẹ wọn ẹ̀yìn gílóòbù. Tí ti gílóòbù bá fi ju 1 volt lọ kéré sí ti bátìrì, inú wáyà àti switch ló há sí, ẹ fi relay sí i. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra, ọ̀pọ̀ Toyota ìgbà yẹn, earth ni switch iná ń gé, kì í ṣe iná fúnra ẹ̀. Rẹ́wáyà tí ò mọ̀ á fi gbogbo ọjọ́ wá iná síbi tí kò sí.

Kẹ̀kẹ́Mẹ́rin (Òṣogbo)

Ìwé ọkọ̀ nkọ́? Tó bá ṣì wà lórúkọ bàbá, ẹ lọ yí i padà kí mọ́tò tó jáde. Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì tàbí àwọ̀, kó wọ inú ìwé. Nọ́ńbà ṣáàsí wà lára irin ọ̀tún níwájú, nítòsí táyà, ẹ fi téèpù bò ó kí wẹ́dà má fi grinder pa á rẹ́, torí ìyẹn, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa ṣàlàyé ẹ̀ fún tó máa gbọ́.

ỌmọOlókoKókó (Àkúrẹ́)

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Oṣù méjì àtààbọ̀ ti kọjá, ẹ jẹ́ n jíṣẹ́.

Wẹ́dà ti lẹ ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, orí ṣóńṣó bí ojú ọfà, ó kọ́kọ́ bínú pé ṣé èmi ni mo fẹ́ kọ́ òun níṣẹ́, mo ra Maltina fún un, ó gé e. Mo fi red oxide kùn ún nínú níta. Bọ́dì ẹ̀yìn, mi ò lẹ̀ ẹ́, mo gé ilẹ̀ ẹ̀ kúrò, mo fi pákó ìrókò méje tẹ́ ẹ, bí bàbá ṣe máa ń sọ pé irin máa ń lagun sára àpò kókó.

Ẹ́ńjìnnì yí lọ́jọ́ kẹsàn-án. Compression: 150, 155, 148, 152. Mo ṣí iwájú ẹ̀ kí n tó dán an wò torí ọ̀rọ̀ ògì ń bà mí lẹ́rù, ìtọ́sọ́nà apá kan ti ṣẹ́, ike ẹ̀ wà nísàlẹ̀ nínú sump, chain ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ cover ṣùgbọ́n kò tíì lu. Mo fi ọwọ́ kàn án, lóòótọ́ ni, bí ẹnu kànga. Ẹ̀gbọ́n Houston bá mi fi tuntun sínú bárẹ́ẹ̀lì ẹnì kan tó ń bọ̀ l'Óǹdó, kò gbowó iṣẹ́ kankan.

Sátidé tó kọjá mo tú wáyà coil, mo jẹ́ kí kick starter yí i títí gauge ọ́ìlì fi gbéra, mo wá dá wáyà padà. Ó wú ikọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ èéfín funfun bo gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ó wá dúró. Kò sí ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Màámi sáré jáde láti ìdáná pẹ̀lú ọmọrogùn lọ́wọ́, wọ́n dúró wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní "ẹ pa á, á jó aṣọ tí mo sá", wọ́n wọlé padà. Mo gbọ́ tí wọ́n ń kọ orin nínú ilé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Kò tíì ní bíréèkì, kò tíì ní ọ̀dà, panẹ́bítà ṣì ń pè mí. Bàbá Ṣáàsí, knuckle ọ̀tún ti tú tán, àmọ́ nylon tí mo kọ "òkè" sí, shim méjì ló wà nínú ẹ̀, èyí tí mo kọ "ìsàlẹ̀" sí, kò sí nǹkan kan. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wà láti ilé ni, àbí ọmọ tó ń bá mi tú u ló ti sọ wọ́n pọ̀?

BàbáṢáàsí (Ìbàdàn)

Ẹ pe ọmọ náà wá. Ẹ bi í lẹ́sọ̀ lẹ́sọ̀. Bí kò bá jẹ́wọ́, ẹ fi nọ́ńbà yín ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀, ẹ gbé knuckle náà wá n'Íbàdàn, ká jọ wọ̀n ọ́n.